Owó Omi Tí A Dá fún Àwọn Ọmọ Òkè Òkun

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìwé yìí á bá ẹ nínú ayọ̀, á bá ẹ nínú ara líle, á bá ẹ níbi tí àwọn ọ̀gá rẹ ti ń fi ẹ̀rín kí ẹ níbi iṣẹ́, lágbára Ọlọ́run. Bí o bá bèèrè èmi náà, orúnkún ọ̀tún ṣì máa ń dùn mí nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó sì máa ń sọ òótọ́ ju rédíò lọ, ṣùgbọ́n mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń bá àwọn èèyàn jà níwọ̀nba, torí náà ara mi le nìyẹn. Ọlọ́run tó mú ẹ dé ìlú ńlá, tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ kọlù ẹ́ ní títì, kò ní fi ẹ́ sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní kí n kí ẹ, àfi ìyàwó bíríkìlà, tí àwa méjèèjì ń jà lọ́wọ́. Wàá gbọ́ ohun tó fà á níwájú.

Wàá rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Ọmọ rẹ, Oníbéèrè, ló máa ń bá mi kọ̀wé, tó sì máa ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kó rí. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, orí tábìlì tí mo ti ń fá pákó ni mo ti ń kọ ọ́, pẹ́ńsùlù tí mo fi ń fa ìlà sára igi sì ni, torí náà bí o bá rí i tí lẹ́tà nípọn, má rò pé ariwo ni mò ń pa mọ́ ẹ. Lẹ́búlẹ́bú igi á ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Gbọ̀n ọ́n dànù kí o tó kà á.

O rántí ohun tí o sọ nígbà tí o wá kẹ́yìn. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ti gbé báàgì kọ́ èjìká, o ní Bàbá, bí ìgbẹ́ gbuuru yìí bá tún mú ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, mò ń bọ̀ wá mú un lọ. O ní dókítà ti sọ pé omi odò tí wọ́n ń mu nílé-ìwé ni. Mo ní omi odò yẹn náà ni mo mu dàgbà. O ní àbúrò yín obìnrin tí kò dàgbà ńkọ́, omi wo lòun mu? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń se omi ọmọ nílé, mò ń sẹ́ ẹ, mò ń dì í sínú ike fún un, ṣùgbọ́n kó tó di pé agogo ìsinmi lù, ó ti pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tán, yóò wá lọ bu ti inú dúrọ́ọ̀mù mu bíi ti gbogbo wọn. Ta ló bí i? Bí ìwọ náà ti ṣe nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi lásán. Ọ̀rọ̀ bóyá ọmọ yìí á máa bá mi gbé tàbí kò ní bá mi gbé ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí yàtọ̀ sí èmi àti rédíò.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí o fi àwòrán tó ń rìn ránṣẹ́ sórí fóònù atúnrédíòṣe. Ó pè mí láti òdìkejì títì, ó ní iṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Mo fi ayùn sílẹ̀ sínú pákó, mo lọ. Mo bi í pé ọ̀nà wo ló gbà wá, ó ní inú afẹ́fẹ́. Mo ní ṣé òjò àná ò bà á jẹ́ lójú ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀, torí ìwé tí o kọ sí mi lọ́dún tó kọjá, rírin ló rin kó tó dé. A wò ó. Àwọn ọmọ òyìnbó ni, wọ́n wọ aṣọ ilé-ìwé kan náà, wọ́n ru garawa omi. Wọn ò mọ̀ ọ́n rù rárá. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di í mú, omi ń dà sí wọn lọ́rùn, òtútù ti sọ imú wọn di pupa, wọ́n ń rìn lọ ní títì ọ̀dà tó ń dán bíi tábìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Àwọn àgbàlagbà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ gbà mí o! Dípò kí wọ́n bá ọmọ ọlọ́mọ sọ ẹrù, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa! Àwọn mìíràn ń ju owó sínú agolo tí ọmọ kan ń gbé kiri, bí wọ́n ṣe ń ju ú fún alágbe. Ọ̀kan tó kéré jù nínú wọn ṣubú, garawa dojú dé, ó bú sẹ́kún. Omi bọ́ lójú èmi náà. O sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé Bàbá, ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe nítorí omi, àwọn kan láti ilé-ìwé wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wọ́n dáadáa.

Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀, ọmọ mi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ẹni tó ru omi rin ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ pé eré ló fi ń ṣe. Ẹni tó ní omi nílé kì í rù ú kiri. Ẹni tí o bá rí tó ń rù ú, kò ní in ni. Mo ní háà, òkè òkun tí wọ́n ń fi yangàn fún wa, tí wọ́n ní iná kì í kú níbẹ̀, àṣé wọn ò lómi! Oníbéèrè yọjú láti abẹ́ apá mi, ó ní Bàbá àgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní òtútù ló ń ya wọ́n lẹ́nu. Ó ní àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ wá ńkọ́? Mo ní ìlú aláìláàánú nìyẹn, kó lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gá tíṣà ò sí nílé. Wọ́n ti pè é lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Èmi sì ni alága ẹgbẹ́ òbí, o mọ̀ pé n kì í fi ipò ṣeré. Mo lọ lu agogo ilé-ìwé fúnra mi. Gbogbo èèyàn ló sáré wá, torí wọ́n rò pé ilé ń jó. Mo gbé fóònù sókè, wọ́n tò, wọ́n ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, atúnrédíòṣe sì ń pariwo pé iná inú rẹ̀ ti ń tán lọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn tètè ṣàánú. Aránṣọ, tó jẹ́ akápò wa, ẹni tí ìwọ náà mọ̀ pé kì í yá èèyàn ní abẹ́rẹ́, òun ló kọ́kọ́ tú kókó etí aṣọ rẹ̀. Ó ní òun ti ru omi tòun ti oyún rí, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fún òun. Bíríkìlà mú tirẹ̀ wá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ bá àwọn èèyàn ro ìdí ilé, wọ́n gba owó iṣẹ́, wọ́n kó o wá. Ọmọ rẹ fi sáńdípépà họ àga fún mi títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó ní kí n san owó òun bí mo ṣe ń san ti àgbà, mo san án, gbogbo rẹ̀ ló sì kó sínú àpótí. Èmi ni mo kan àpótí náà. Igi tó dáa ni mo fi kàn án, mo kùn ún, mo fi ìdè sí ìdérí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ lókè òkun pé èèyàn gidi ló fi ránṣẹ́.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán. Owó kànga ilé-ìwé, èyí tí a ti ń tu jọ láti ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ wà nílé-ìwé náà, tí kò tó rí, èmi ni mo dìde tí mo ní ká kó o mọ́ ọn. Mo ní tiwa ò mọ́, ṣùgbọ́n ó wà; tiwọn ò sí rárá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi gan-an ni. Àwọn tó ń bú mi lónìí wà lára àwọn tó pa á, ìyàwó bíríkìlà ló sì pa á pẹ́ jù.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí àwọn àlejò dé, a tún ilé-ìwé ṣe. Mo kan ẹsẹ̀ àwọn bẹ́ǹṣì tó ń mì. Mo ní kí wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù omi lọ sẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n da ẹní bò ó, torí ewédò ti hù sínú rẹ̀, kò sì yẹ kí àlejò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Aránṣọ lọ ra omi inú ike ní ibùdókọ̀, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá dé lórí, a tò ó sórí tábìlì, ó ń kọ mànà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú wa. Wọ́n dé, obìnrin kan tó gbé gíláàsì ojú sórí irun, bóyá kó lè máa wo òkè, àti ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń làágùn bí ẹni tó ń la igi, àti ọ̀dọ́mọkùnrin ògbufọ̀ kan. Mo wo ètè ọkùnrin yẹn, ó ti gbẹ. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé òùngbẹ ilé ló ń bá a rìn.

Ọkùnrin náà ṣí àpótí kékeré kan, ó mú ìgò tín-ín-tín jáde, ó ní òun ń fẹ́ díẹ̀ nínú omi tí àwọn ọmọ ń mu. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wò ó lójú. Ìgò tí kò tó ti oògùn ikọ́! Mo ṣí ọ̀kan nínú omi aránṣọ, mo bù ú kún, mo ní kí ògbufọ̀ sọ fún un pé kó má tijú, kó mú garawa wá. Ó kán nǹkan sí i, ó gbé e sí oòrùn, ó wò ó títí, ó mi orí sí obìnrin náà, ó ní omi yìí dáa gan-an. Mo ní ẹ tún mu. Mi ò mọ̀ pé ìdánwò ló ń ṣe fún wa, àti pé mo ti bá gbogbo ilé-ìwé yege ìdánwò tó yẹ ká fìdí rẹmi.

Obìnrin náà wá mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ń bi mí, ògbufọ̀ ń túmọ̀. Ó ní ṣé ẹ ní omi? Ọmọ mi, àlejò wọlé, ó bi ẹ́ bóyá omi wà, kí lo máa sọ? Mo ní omi wà. Ó ní ṣé ó ń tó yín? Mo ní ó ń tó wa, ó ń ṣẹ́kù. Ó ní níbo ló ti ń wá? Mo ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ògbufọ̀ tún un bi, ó ní Bàbá, ẹ fara balẹ̀ o, ṣé ẹ ò ní ìṣòro omi kankan? Mo rántí ọmọ tó ṣubú pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ṣé ẹni tí kò ní rárá ni mo fẹ́ máa sunkún tèmi sí létí? Mo ní a ò ní ìṣòro. Ó wá bèèrè bóyá omi ń ṣe àwọn ọmọ wa ní àìsàn. Oníbéèrè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó la ẹnu. Mo wò ó. Ìwọ náà mọ ojú yẹn, mo ti fi wò ẹ́ rí nígbà tí o wà ní kékeré. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ní ara wọn le koko.

Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo sọ̀rọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tí ìyà ò lè jẹ, kí wọ́n má ronú jù, kí wọ́n bá wa kí àwọn ọmọ tó ń ru omi nínú òtútù, a rí wọn, a sì sunkún. Mo gbé àpótí owó lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ògbufọ̀ wò mí, ó wo ọ̀gbẹ́ni tẹ́ẹ́rẹ́, ó sọ ọ́ fún wọn. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo rò pé ọpẹ́ ló ń dá. Orí mi wú. Mo tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù náà níbi tó yẹ àti níbi tí kò yẹ.

Òṣùpá tuntun yọ, ó sì fẹ́ parí, ọkọ̀ akẹ́rù kan dé, páìpù gígùn ló kó, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀. Awakọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó béèrè ọ̀nà ìlú tó wà ní òdìkejì odò. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi júwe afárá fún un. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń juwọ́ sí i, ó ń fun fèrè fún wọn. Ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀gá tíṣà dé láti ibi ẹ̀kọ́, ó bá lẹ́tà nílé-ìwé, ó kà á, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí mo kàn, ó káwọ́ lérí. Mo ní ta ló kú? Ó ní kò sẹ́ni tó kú, Bàbá alága, ẹ jókòó.

Ohun tó kà fún mi nìyí. Pé àwọn ọmọ yẹn ní omi nílé, ó ń yọ lára ògiri. Pé wọ́n ru garawa kiri ìlú kí àwọn èèyàn wọn lè mọ bó ṣe rí fún àwọn ọmọ tiwa, kí wọ́n sì dá owó. Pé ẹni tó bá rìn jìnnà, wọ́n á san owó ìrìn rẹ̀. Mo ní wọ́n ń sanwó fún ẹni tó rìn? Èmi tí mo ti ń lọ sódò láti kékeré, ta ló san owó ìrìn fún mi rí? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní owó tí wọ́n pa yẹn, ti omi ilé-ìwé wa ni. Ó ní ìwọ lo bẹ̀ wọ́n. Ó ní o sọ fún obìnrin tí o ń bá gbálẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ pé ọmọ rẹ kan wà nílé lọ́dọ̀ bàbá rẹ, omi ló ń ṣe é, obìnrin náà sì kọ̀wé sí ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun. O sọ fún ọ̀gá tíṣà, o ní kó má sọ fún mi, torí mo lè ti kéde rẹ̀ kó tó dé. O ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ìbá dára kí n kéde rẹ̀ ju ohun tí mo ṣe yìí lọ. Lẹ́tà náà ní inú àwọn ọmọ náà dùn láti gbọ́ pé a ti lómi, omi tó dáa, ìwà wa sì dáa jù ú lọ, torí náà wọ́n ti fi tiwa fún àwọn tí kò ní lódìkejì odò, wọ́n sì ti fi owó inú àpótí wa kún un ní orúkọ wa.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbámọ̀ ló gba ọkàn mi, kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ìyàwó bíríkìlà dúró láàárín ìpàdé, ó ní ẹnu mi ló mu omi gbogbo ìlú tán. Mo fún un lésì, kò yẹ kí n fún un lésì. Aránṣọ ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní èmi ò dákẹ́, ẹ̀yin náà gbọ́ bí mo ṣe sọ̀rọ̀ tó. Ó ní ìyẹn gan-an ni.

Mo so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo gba orí afárá lọ sí òdìkejì, mo ní ó kéré tán màá máa pọn ti ọmọ yìí. Ọ̀nà jìn, kẹ̀kẹ́ ò fẹ́ lọ, orúnkún ò gbà, ṣùgbọ́n mo dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń tẹ ẹ̀rọ, omi ń tú jáde, ó mọ́ débi pé o lè ka ìwé nínú rẹ̀. Alága wọn rí mi, ó sáré wá dì mọ́ mi, ó ń pe àwọn èèyàn pé ẹ wá wo ẹni tó ràn wá lọ́wọ́. Ó fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ara ẹ̀rọ hàn mí, orúkọ ìlú wa wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ ilé-ìwé òkè òkun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yọ kẹ́ẹ̀gì jáde lẹ́yìn ìyẹn? Mo ní mo kàn ní kí n wá wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Ó bu ife kan fún mi. Mo mu ún. Kò ní ìtọ́wò kankan. Mi ò mọ̀ rí láyé mi pé omi kì í ní ìtọ́wò. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sílé.

Báyìí mo fẹ́ sọ èyí tí n kò sọ fún ẹ lórí fóònù. Àìsàn náà ti tún ṣe ọmọ rẹ. Ó kọ́kọ́ ṣe é díẹ̀ kí àwọn àlejò tó dé, mo sì fi í pa mọ́ fún ẹ. Ti ìkẹyìn yìí le. Mo gbé e pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn, èmi àgbà yìí, mi ò rántí orúnkún. Wọ́n so omi kọ́ sókè nínú ọ̀rá, wọ́n ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan darí rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Mo bi nọ́ọ̀sì pé níbo ni wọ́n ti rí omi tó mọ́ tó báyìí, ó ní òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Mo jókòó sílẹ̀. Ara ọmọ ti yá, má bẹ̀rù, ó ti ń jẹun, ó ti ń bi àwọn nọ́ọ̀sì ní ohun tí kò kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó yíjú sí mi, ó ní Bàbá àgbà, ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ máa nà mí? Mo ní rárá, mi ò ní nà ẹ́. Ó ní háà, nígbà náà ó yẹ kí òun ti sọ ọ́. Ó rò pé ẹ̀bi òun ni. Ọmọ mi, gbogbo èébú tí wọ́n bú mi láàárín ìlú, kò dùn mí tó ìyẹn.

Nítorí náà, mi ò ní jẹ́ kí o wá mú un. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́ sí ẹ. Aránṣọ ń bọ̀ wá ra òwú ní ìlú ńlá, òun ló fà á lọ́wọ́ wá, mo sì ti sọ fún un pé ìwọ lo máa san owó ọkọ̀, jọ̀ọ́ san án kíákíá kí o lè ní ìsinmi lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ló gbé ìwé yìí lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ pákó ni mo fi lẹ̀ ẹ́, torí náà kò lè tú u, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tú tó. Mú un lọ bá obìnrin tí o ń bá gbálẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ yẹn. Jẹ́ kó dúró níwájú rẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀, ti dúrọ́ọ̀mù abẹ́ ẹní àti ti omi ike. Kó ní bàbá àgbà òun ló purọ́. Má bá a rọ ọ̀rọ̀ náà lójú. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, èyíkéyìí tó bá wà, fi ránṣẹ́ sí mi, ká fi tún owó kànga bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ tó kù ò ní ẹni tí wọ́n máa lọ bá ní ìlú ńlá. O mọ̀ pé n kì í tọrọ. Mo tọrọ nìyí. A ò lómi, ọmọ mi. A ò lómi rárá.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìwọ àti ọmọ rẹ. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ẹ́ kò ní dé ilé rẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́, ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ, wàá rí ẹni tó máa gbọ́ tìrẹ kí o tó sọ ọ́ tán. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, alága tẹ́lẹ̀.

Mo gbàgbé. Ọmọ náà rò pé òun ń lọ jíṣẹ́ ni, pé bí òun bá ti jẹ́ ẹ tán, òun á padà wálé. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mi ò rí èyí tí mo tún lè sọ. Bó bá bi ẹ́ ní ọjọ́ tó máa padà, jọ̀ọ́, jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun ná.